Notre Dame àti Ìdíje Bowl: Ọdún Tí Wọ́n Lọ, Ọdún Tí Wọ́n Kọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nílé ìwé, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo eré yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa níbí ní Chicago. Téèyàn bá wọ mọ́tò, bíi wákàtí méjì ni yóò gbé e dé South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí Yunifásítì Notre Dame wà. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ló dá a sílẹ̀ ní 1842. Bọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ká tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bowl jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Pasadena, ní California, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún òdòdó ní ọjọ́ ọdún tuntun. Ní 1902 wọ́n fi bọ́ọ̀lù kún un kí èrò lè pọ̀ sí i. Michigan na Stanford ní 49 sí 0 lọ́jọ́ náà, ìyà ọ̀hún sì burú débi pé wọn kò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́ títí di 1916. Nígbà tó yá, àwọn ìlú mìíràn rí i pé èrò tó bá wá wo bọ́ọ̀lù lákòókò òtútù yóò sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, yóò jẹun, yóò náwó. Làwọn náà bá dá tiwọn sílẹ̀: Orange Bowl ní Miami àti Sugar Bowl ní New Orleans ní 1935, Cotton Bowl ní Dallas ní 1937. Bowl kì í ṣe líìgì. Ìpè ni wọ́n ń pe èèyàn síbẹ̀, bí ìgbà tí olówó ìlú ń ṣe ìnáwó tó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú. Ẹni tí a pè lè lọ, ó sì lè ní òun kò lọ.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé nìyẹn. Bí ẹ bá bi olólùfẹ́ Notre Dame nípa ìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ ni yóò kọ́kọ́ máa kà fún yín, kò sì jẹ̀bi, nítorí ife náà pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹgbẹ́ ńlá mìíràn tí kíkọ̀ rẹ̀ kó ipa nínú ìtàn rẹ̀ tó ti Notre Dame. Lójú tèmi, ọdún tí wọ́n kọ ìpè ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ka Bowl sí, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ nínú ọgbà yunifásítì náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n lọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Knute Rockne, ọmọ bíbí ilẹ̀ Norway, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló wà níwájú ìkọlù rẹ̀: Harry Stuhldreher, Jim Crowley, Don Miller àti Elmer Layden. Ní oṣù kẹwàá 1924, lẹ́yìn tí wọ́n na Army, ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ológun, ní 13 sí 7 ní New York, oníròyìn Grantland Rice kọ ọ́ pé Ẹlẹ́ṣin Mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn ni wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ẹgbẹ́ náà polówó gbọ́ ọ, ó wá ẹṣin mẹ́rin, ó gbé wọn gùn ún pẹ̀lú aṣọ ìṣeré lọ́rùn wọn, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn ló sọ orúkọ náà di ohun tí kò lè kú mọ́.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pasadena, wọ́n sì bá Stanford pàdé ní Rose Bowl, eré àjọ̀dún òdòdó yẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1925. Layden nìkan gba touchdown mẹ́ta, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Méjì nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí àwọn Stanford ń jù sí ara wọn ló já gbà lófuurufú tó sì gbé sá lọ, ọ̀kan 78 yáàdì, èkejì 70 yáàdì. Ernie Nevers ti Stanford, tí ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá lọ́dún yẹn, ń fi tipátipá gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín wọn títí eré fi parí. 27 sí 10 ni wọ́n parí sí, Notre Dame ló sì gba ife gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ayọ̀ yẹn, ẹnu lè yà yín láti gbọ́ pé wọn kò tún dé Bowl kankan fún ọdún 45. Kì í ṣe pé wọn kò pè wọ́n. Àwọn àlùfáà tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìrìn-àjò ojú irin lọ sí California àti àbọ̀ rẹ̀ ń jẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́, àkókò náà sì súnmọ́ ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n wá ṣe, kí wọ́n lọ jókòó sí kíláàsì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ̀ pé owó ń dúró de òun ní Pasadena, tó sì sọ pé ìdánwò ṣáájú, kò wọ́pọ̀ nígbà náà, kò sì wọ́pọ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kíkọ̀ náà kò pa wọ́n lára ní ti ife. Nígbà yẹn kò sí àṣekágbá. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ọ̀gá: àwọn oníròyìn ń dìbò fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn AP láti 1936, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń dìbò fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn kejì, UPI, láti 1950. Kí Bowl tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ka ìbò ìkẹyìn tán. Báyìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Frank Leahy ṣe gba ife ní 1943, 1946, 1947 àti 1949 láìjẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ ọdún tuntun.

1966 ni àṣà yìí kọ́kọ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Notre Dame àti Michigan State gbá ọ̀mì, 10 sí 10, ní oṣù kọkànlá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ara Parseghian ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, ó sì jẹ́ kí àkókò parí dípò kó fi ewu wá ayò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n na USC ní 51 sí 0. Ìbò gbé wọn sí ipò kìíní. Alabama tí ẹnikẹ́ni kò nà lọ́dún náà, tí wọ́n tún lọ fìyà jẹ Nebraska ní Sugar Bowl ní 34 sí 7, ipò kẹta ni wọ́n fi wọ́n sí. Àwọn ará Alabama kò tíì gbàgbé rẹ̀ dòní. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fò: kò sí ọmọ dúdú kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ Alabama ọdún náà, bẹ́ẹ̀ Alan Page, ọmọ dúdú, wà nínú ẹgbẹ́ Notre Dame. Page yìí ló wá di adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Minnesota lẹ́yìnwá ọ̀la.

Ní oṣù kọkànlá 1969 ni wọ́n yí ọkàn padà. Nǹkan méjì ló fà á. Èkíní, AP ti sún ìbò ìkẹyìn sí ẹ̀yìn Bowl láti 1968, ẹni tó bá jókòó sílé lè pàdánù. Èkejì ni owó, ibi tí owó náà ń lọ ló sì wú mi lórí. Fadá Theodore Hesburgh ni ààrẹ yunifásítì náà, ọkùnrin tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ aráàlú láti 1957, tó sì di alága rẹ̀ ní 1969. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní owó tí àwọn bá rí ní Bowl, ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké yòókù ni àwọn yóò fi ṣe. Ìdánwò ló ní kí wọ́n má lọ ní 1925. Ẹ̀kọ́ náà ló tún ní kí wọ́n lọ ní 1969.

Wọ́n bá Texas pàdé ní Cotton Bowl ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970. Ẹgbẹ́ Texas yìí ni ẹgbẹ́ ìkẹyìn tó jẹ́ funfun pátápátá tó gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Freddie Steinmark, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Texas, ní jẹjẹrẹ egungun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kejìlá, kò sì tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi wá dúró pẹ̀lú igi ìtìlẹ́yìn lẹ́bàá pápá. Notre Dame ń fi 17 sí 14 ṣíwájú nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Texas ní ànfààní kan ṣoṣo tó kù, yáàdì méjì sì ni wọ́n nílò. James Street ju bọ́ọ̀lù náà sísàlẹ̀, Cotton Speyrer sì wólẹ̀ gbá a mú kó tó kan koríko. Kò pẹ́ tí Billy Dale fi gbé e wọlé. 21 sí 17. Wọ́n pàdánù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe lọ mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n padà sí Dallas, wọ́n na Texas kan náà ní 24 sí 11, Texas tó ti borí nínú eré 30 léraléra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1971 ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ dáadáa. Ẹgbẹ́ náà borí nínú eré mẹ́jọ, ó pàdánù méjì, ìpè Bowl sì wà nílẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn dìbò, wọ́n ní àwọn kò lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gbà fún wọn. Ọmọ ogún ọdún, tí kò gba owó oṣù, ní ẹnu tó lè fi sọ pé ó rẹ òun.

Ní ọjọ́ tó parí 1973 ni ìjà tí gbogbo èèyàn ti ń retí dé: Notre Dame àti Alabama, ẹgbẹ́ méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà lọ́dún náà, ní Sugar Bowl ní New Orleans. Parseghian wà ní ìhà kan, Bear Bryant wà ní ìhà kejì. Iwájú ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni yìí, ó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tọ̀hún. Al Hunter gba bọ́ọ̀lù tí Alabama gbá sí wọn, ó gbé e sá 93 yáàdì láìdúró. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, Bob Thomas ta bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó, ó di 24 sí 23.

Alabama wá gbá bọ́ọ̀lù kan tó ti Notre Dame mọ́ ẹnu ìlà tiwọn gan-an. Gbogbo ẹni tó mọ Parseghian rò pé yóò ní kí wọ́n rọra gbé e, kí wọ́n gbá a jìnnà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Ìgbà kẹta ni wọ́n fẹ́ gbìyànjú. Tom Clements padà sẹ́yìn wọ inú ẹnu ilé tirẹ̀ pátápátá, níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mú un, àmì méjì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ó sì jù ú sókè lọ sí ọ̀dọ̀ Robin Weber. Weber kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti gbá a mú ní gbogbo sáà náà. Ó gbá a mú, 35 yáàdì, níwájú àga àwọn Alabama fúnra wọn. Àkókò parí mọ́ Bryant lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí Notre Dame ṣe ní Bowl, òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọkùnrin tí wọ́n bú lójo ní 1966 ló fi ọwọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. UPI ti fi Alabama jẹ ọba kí Bowl tó bẹ̀rẹ̀. Adé wà lórí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Láti 1974 ni UPI náà ti sún ìbò ìkẹyìn sí ẹ̀yìn Bowl. Ọdún yẹn kan náà ni ara Parseghian kò gba iṣẹ́ mọ́; eré ìkẹyìn rẹ̀ ni Orange Bowl ọjọ́ ọdún tuntun 1975, Alabama ló sì tún nà, 13 sí 11.

Dan Devine gba ipò rẹ̀, ó sì ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Joe Montana. Ní oṣù kìíní 1978 wọ́n na Texas ti Earl Campbell ní 38 sí 10, wọ́n fò láti ipò karùn-ún sí ipò kìíní lọ́jọ́ kan. Eré ọdún tó tẹ̀lé e ni àwọn èèyàn ṣì ń sọ. Yìnyín ti bo Dallas, afẹ́fẹ́ ń gé èèyàn létí, ọ̀pọ̀ àga ló ṣófo ní Cotton Bowl. Ara Montana tutù débi pé kò lè dúró mọ́, wọ́n mú un wọ inú ilé, wọ́n da ọ̀pọ̀ kúbùsù bò ó, wọ́n ń fi omi ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná sí i lẹ́nu. Níta, Houston ń fi 34 sí 12 ṣíwájú nígbà tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ mọ́ tí yóò parí. Montana ti padà wọ pápá nígbà náà. Wọ́n dí bọ́ọ̀lù kan mọ́ Houston lẹ́sẹ̀, Steve Cichy gbé e wọlé. Montana fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan wọlé. Ó di 34 sí 28. Ó tún jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹnu ya gbogbo èèyàn pé ó tán. Ṣùgbọ́n Houston bẹ̀rù láti gbá a lójú afẹ́fẹ́ náà, wọ́n ní àwọn yóò fi agídí wá yáàdì kan ṣoṣo, wọn kò sì rí i. Ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn, Montana jù ú sí igun, Kris Haines gbá a mú. Joe Unis ta àmì kan tó kù, ó wọlé. Olùdarí eré ní wọ́n ṣẹ̀ sófin, kí ó tún un ta láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí i. Ó tún un ta. 35 sí 34.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Lou Holtz mú ife gbogbo Amẹ́ríkà wálé nígbà tó na West Virginia ní 34 sí 21 ní Fiesta Bowl, oṣù kìíní 1989. Láti ọjọ́ náà, ife yẹn kò tíì padà sí South Bend. Ní Orange Bowl 1991, Rocket Ismail gbé bọ́ọ̀lù sá 91 yáàdì mọ́ Colorado lọ́wọ́ ìparí, wọ́n sì fagi lé e nítorí pé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti èèyàn lẹ́yìn. 10 sí 9 ni Colorado fi lọ.

Lẹ́yìn ìborí ọjọ́ ọdún tuntun 1994 lórí Texas A&M, òkùnkùn ṣú. Bowl mẹ́sàn-án léraléra ni wọ́n pàdánù, ẹnikẹ́ni kò tíì ní irú rẹ̀ rí. N kò ní kà wọ́n. Hawaii ni wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2008, 49 sí 21.

Eré kan tí wọ́n pàdánù ló yí ọ̀rọ̀ Bowl padà ju ọ̀pọ̀ ìborí lọ. Ní Fiesta Bowl 2016, eékún Jaylon Smith fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùgbèjà tó dára jù ní Amẹ́ríkà ni, àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó, sì ti ń dúró dè é. Ipele kejì ni wọ́n tó mú un, ó sì jókòó sílé fún sáà kan gbáko. Kí ọdún náà tó parí, Christian McCaffrey àti Leonard Fournette ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní àwọn kò ní gbá Bowl mọ́. Ó di àṣà. Ní Notre Dame, Kyle Hamilton àti Kyren Williams kò gbá Fiesta Bowl 2022. Àwọn kan ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní afẹ́gbẹ́sílẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí eékún Smith kò lè dá wọn lẹ́bi, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níbí.

Orúkọ tiwa náà wà nínú ìtàn yìí. Adetokunbo Ogundeji, ọmọ tó dàgbà ní Michigan, wà nínú ẹgbẹ́ tí Clemson nà ní 30 sí 3 ní Cotton Bowl 2018, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn balógun ẹgbẹ́ ní 2020, ọdún tí wọ́n gbé Rose Bowl lọ sí Texas nítorí àrùn Kòrónà, tí Alabama sì borí wọn ní 31 sí 14. Kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgbá. Lẹ́yìn náà ni Atlanta Falcons mú un.

Lẹ́yìn ọdún 31 tí wọn kò ti borí nínú Bowl ńlá kankan, akọ́nimọ̀ọ́gbá Marcus Freeman ló já ẹ̀wọ̀n náà. Sugar Bowl yẹ kó wáyé ní ọjọ́ ọdún tuntun 2025, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan wa ọkọ̀ pa èèyàn 14 ní Bourbon Street. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kejì. Notre Dame na Georgia ní 23 sí 10. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na Penn State ní Orange Bowl ní 27 sí 24, Freeman sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá dúdú àkọ́kọ́ tó dé àṣekágbá. Ohio State ló gba ife náà, 34 sí 23. Ẹ rí i pé Bowl ti di àtẹ̀gùn sí àṣekágbá: ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n ń mú, àwọn Bowl ńlá sì ni ilé tí wọ́n ti ń gbá a. Àwọn Bowl yòókù wá dà bí ìtùnú.

Ohun tó bí ìpinnu oṣù kejìlá 2025 nìyẹn. Notre Dame pàdánù eré méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì borí nínú mẹ́wàá tó tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́ 12 náà mú Miami, tó ti nà wọ́n ní 27 sí 24, wọ́n fi Notre Dame sílẹ̀ síta. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kéde pé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, àwọn kò ní lọ sí Bowl kankan.

Ẹ̀tọ́ wọn ni, mo sì mọ bí inú wọn ti bàjẹ́ tó. Síbẹ̀ n kò lè fi ẹnu kan náà yin èyí tí mo fi yin ti 1925 tàbí 1971. Ti 1925, ìwé ni wọ́n torí rẹ̀ kọ̀. Ti 1971, àárẹ̀ àwọn ọmọ fúnra wọn ni. Èyí, ìbínú sí ìgbìmọ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀, ẹni tó sì san án jù ni ọmọ ọdún ìkẹyìn tí NFL kò ní pè, tó jẹ́ pé Bowl yẹn nìkan ló kù tí òbí rẹ̀ lè fi wò ó nínú aṣọ Notre Dame. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí. Bí wọ́n bá bi mí, n bá ní kí àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn lọ́dún náà nìkan wọ yàrá kan, kí wọ́n dìbò níkọ̀kọ̀, kí ohun tí wọ́n bá sọ sì jẹ́ abẹ gé.